Ìfúnpọ̀ Àwòrán Ìwé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Dín Kù àti Ohun Tí Kò Gbọdọ̀ Sọnù

Ní àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ka ògbólógbòó ìwé kan ní láti rin ìrìn-àjò lọ sí ibi tí ìwé náà wà. Lónìí, ìwé náà ni ó ń rin ìrìn-àjò tọ òǹkàwé lọ. Skánà tàbí fóònù yóò ya ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní àwòrán, kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì gbé e dé ibikíbi tí ènìyàn bá wà. Ṣùgbọ́n kò sí ìrìn-àjò tí kò ní owó ọkọ̀ tirẹ̀. Àwòrán kan fúyẹ́. Ẹgbẹ̀rún àwòrán di ẹrù. Wọn a gba àyè inú kọ̀ǹpútà tán, wọn a jẹ owó dátà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kà wọ́n lórí fóònù a sì jókòó títí kí ojú-ewé kan ṣoṣo tó ṣí. Nítorí náà ni ó fi di dandan fún àwọn tí ń tọ́jú irú àwòrán báyìí láti kọ́ bí a ti ń dín ìwọ̀n wọn kù ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yìí ni a ó máa pè ní ìfúnpọ̀.

Ìfúnpọ̀ ní èrè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewu kan tí ó kan ìwé Yorùbá ju ìwé ọ̀pọ̀ èdè mìíràn lọ. Ohun tí ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ sọ nù ni ohun tí ó kéré jù lọ nínú àwòrán. Nínú ìwé Yorùbá, ohun tí ó kéré jù lọ lójú ewé, èyíinì ni àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn, ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì sábà máa ń gbé. Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó rò pé òun ń tọ́jú.

Ohun tí àwòrán jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà

Nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Bí a bá gbé àwòrán fún un, yóò kọ́kọ́ gé e sí àwọn ègé onígun mẹ́rin tí ó kéré gan-an, gẹ́gẹ́ bí ahunṣọ ti ń wo aṣọ ní òwú kọ̀ọ̀kan. Ègé kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní píksẹ́lì. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi nọ́ńbà dípò àwọ̀ tí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní. Ní ọdún 1957, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, Russell Kirsch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ka fọ́tò ọmọ Kirsch, ọmọ ọwọ́ kan, sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà ní píksẹ́lì 176 ní ìbú àti 176 ní òòró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 30,976. Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ yìí ni gbogbo àwòrán orí kọ̀ǹpútà ti ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú-ewé ìwé òde òní wé e. Bí a bá ya ojú-ewé tí ó tóbi tó A4, tí skánà sì ń ka píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìkàwé, ojú-ewé náà yóò ní píksẹ́lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òòró. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 8,699,840. Bí àwòrán náà bá jẹ́ aláwọ̀, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 3: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú-ewé kan ṣoṣo gba báìtì 26,099,520, tí í ṣe mẹgabáìtì 26. Ìwé olójú-ewé 200 yóò gba gígábáìtì 5 ó lé díẹ̀. Bí ilé ìkàwé kan bá wá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ 100, gígábáìtì 520 ni ó ń wá àyè sí yìí. Kò sí ọmọ ilé-ìwé tí ó lè fa irú ẹrù yìí sórí fóònù rẹ̀.

Agbádá kíká àti èlùbọ́ lílọ̀

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà mú kí ẹrù gba àyè kékeré. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ẹni tí ó ká agbádá rẹ̀ sínú àpótí. Aṣọ tí ó gba gbogbo orí ibùsùn tẹ́lẹ̀ yóò wọ inú igun àpótí. Ní ọjọ́ tí ó bá sì tún un tú, kò ní dín ní òwú kan. Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí ó sọ iṣu di èlùbọ́. Iṣu tí ó kún inú abà yóò wọ inú àpò méjì mẹ́ta, kò ní tètè bàjẹ́, àmàlà rẹ̀ yóò sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá tí èlùbọ́ fi lè padà di iṣu tí a lè gún níyán.

Ìfúnpọ̀ tí ó dà bí agbádá kíká ni a ó pè ní ìfúnpọ̀ aláìpàdánù. Bí ahunṣọ bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún ọmọṣẹ́ rẹ̀, kò ní máa ka òwú ní ‘dúdú, dúdú, dúdú’ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. ‘Ogójì dúdú, mẹ́wàá funfun’ ni yóò wí, ọmọṣẹ́ rẹ̀ yóò sì hun aṣọ náà gẹ́lẹ́ bí ó ti yẹ. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà lè ṣe fún píksẹ́lì funfun tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn ní etí ìwé. Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí David Huffman, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ṣàwárí rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1952: ohun tí ó ń wáyé lemọ́lemọ́, kí a fún un ní orúkọ kúkúrú, ohun tí kò wọ́pọ̀, kí a fún un ní orúkọ gígùn. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí à ń pè nígbà ogún lóòjọ́ ni à ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí Adé. Àlejò tí ó ń yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni à ń pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀. Fáìlì PNG, tí ó jáde ní 1996, ń lo irú ọgbọ́n báyìí. TIFF, tí ilé-iṣẹ́ Aldus gbé jáde ní 1986, lè gba ìfúnpọ̀ aláìpàdánù pẹ̀lú, tàbí kí ó tọ́jú àwòrán láìfún un pọ̀ rárá.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìwé tí ó ti gbó kò funfun mọ́. Ó ti pọ́n, ó ti ní àbàwọ́n, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Píksẹ́lì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jọra, nítorí náà ohun tí kọ̀ǹpútà lè kà pọ̀ kò tó nǹkan.

Ìfúnpọ̀ tí ó dà bí èlùbọ́ ni a ó pè ní ìfúnpọ̀ apàdánù, JPEG sì ni gbajúgbajà nínú wọn. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìṣirò kan tí Nasir Ahmed, pẹ̀lú T. Natarajan àti K. R. Rao, tẹ̀ jáde ní 1974. Ìgbìmọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1986 lo ìṣirò náà láti ṣe ìlànà JPEG, tí ó di gbígbà káàkiri ayé ní 1992. JPEG a máa gé àwòrán sí ìpín tí ó ní píksẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òòró, èyíinì ni píksẹ́lì 64. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, yóò ya ohun tí ó ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń yí padà lójijì. Yóò fi ìṣọ́ra tọ́jú ti ìṣáájú. Ti ìkẹyìn ni yóò ré lórí tàbí kí ó gbé sọnù, nítorí pé ojú ènìyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà kan wà, láti 1 dé 100, tí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fi ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ti ré e tó. Bí nọ́ńbà bá kéré, fáìlì yóò kéré, ohun tí yóò sọnù yóò sì pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé 80 túmọ̀ sí pé ìdá 80 nínú 100 àwòrán ni ó kù. Òṣùwọ̀n ìréjẹ lásán ni, kì í sì í ṣe bákan náà láti inú ètò kan sí òmíràn.

Lára fọ́tò ojú ènìyàn, ojú sánmà, tàbí èrò níbi ọdún Ọ̀ṣun, iṣẹ́ JPEG dára púpọ̀. Fáìlì lè dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá kí ojú tó fura. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn kì í ti orí dúdú bọ́ sí funfun lójijì. Lẹ́tà orí ìwé ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí dúdú ti pàdé funfun láìsí agbedeméjì, irú ibẹ̀ gan-an ni JPEG sì ti ń ré nǹkan lórí. Bí a bá fún un pọ̀ jù, ohun tí ó dà bí èéfín yóò yí lẹ́tà ká, àwọn àmì kéékèèké yóò sì rì sínú èéfín náà. Ní ti àwọ̀, JPEG sábà máa ń tọ́jú rẹ̀ ní ìdajì ìbú àti ìdajì òòró péré. Àmì tí olùkọ́ kan fi yíǹkì pupa tẹ́ẹ́rẹ́ fà sórí ìwé àfọwọ́kọ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣàn mọ́ yíǹkì dúdú tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àmì kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá

Ní 1875, àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ ìwé jókòó ní Èkó láti fi ìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àmì tí a ń fi sábẹ́ lẹ́tà wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò. Wọn kò ṣe èyí nítorí ẹwà. Bí a bá yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, ‘ọkọ’ di ‘oko’, ‘ọwọ́’ sì di ‘owó’. ‘Ó ki ọwọ́ bọ àpò’ àti ‘Ó ki owó bọ àpò’ jẹ́ gbólóhùn méjì tí ó já gaara. Òǹkàwé tí ó bá rí ọ̀kan kò ní ìdí láti fura pé èkejì ni òǹkọ̀wé kọ. Ibí yìí ni ewu náà wà. Àṣìṣe tí ó bá ojú jẹ́, ènìyàn yóò rí i, yóò sì ṣe àtúnṣe. Àṣìṣe tí ó jọ òótọ́ ni í pẹ́ nílẹ̀.

Ìṣirò díẹ̀ yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni. Kí a sọ pé àmì ìsàlẹ̀ kan fẹ̀ tó 0.4 mìlímítà lórí ìwé. Nígbà tí skánà bá ka píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan, àmì náà yóò fẹ̀ tó píksẹ́lì 5, yóò sì hàn kedere. Bí ẹnì kan bá dín àwòrán náà kù sí píksẹ́lì 75 nínú ínṣì kan kí ó lè tètè ṣí, píksẹ́lì kan ṣoṣo ni yóò kù fún àmì náà. Bí JPEG bá tún wá ré etí píksẹ́lì kan yìí, kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá àmì ni tàbí èérí. Lẹ́tà ‘o’ tí ó wà lókè rẹ̀ yóò ṣì ṣeé kà dáadáa, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà yóò sì rò pé ojú-ewé rẹ̀ pé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní 2013 fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àbá lásán. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, David Kriesel, rí i pé àwọn ẹ̀rọ aṣẹ̀dà Xerox kan ń pa nọ́ńbà dà lórí ìwé tí wọ́n bá yà. Lórí àwòrán ilé kan, yàrá tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra wá ń jẹ́ 14.13 gbogbo wọn. Níbòmíràn, 6 di 8. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlànà ìfúnpọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń lò, tí à ń pè ní JBIG2, a máa wá àwọn àmì tí ó jọra lójú ewé, yóò tọ́jú ọ̀kan, yóò sì fi ọ̀kan náà dípò gbogbo ìyókù. Nígbà tí ó bá ṣi 6 mú fún 8, ojú-ewé kò ní ní àbàwọ́n kankan. Nọ́ńbà náà yóò mọ́ rekete, yóò sì jẹ́ irọ́. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe sí ètò inú ẹ̀rọ wọn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò ó yóò mọ̀ pé ‘o’ àti ‘ọ’ jọra ju 6 àti 8 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa onímọ̀ èdè tí yóò gbé ojú-ewé Ìwé Ìròyìn, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà láti mọ bí a ti ń lo àmì nígbà náà. Bí kò bá rí àmì lábẹ́ lẹ́tà kan, ohun méjì ni ó lè fà á: bóyá atẹ̀wé kò fi síbẹ̀, bóyá ìfúnpọ̀ ni ó gbé e lọ. Bí ìwé náà bá ṣì wà nílẹ̀, a lè padà lọ wò ó. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́, àwòrán tí a fún pọ̀ jù ni yóò di ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo, irọ́ ni ó sì lè máa pa.

Bí a ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ àwòrán

Òfin àkọ́kọ́ ni pé kí a ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ. Àwòrán tí skánà kọ́kọ́ mú jáde ni ìyá. Kí a tọ́jú rẹ̀ ní TIFF, láìfún un pọ̀ tàbí pẹ̀lú ìfúnpọ̀ aláìpàdánù. Àwòrán kékeré tí a ṣe fún íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ. Láti ara ìyá ni a ti ń bí ọmọ nígbà gbogbo. A kì í ti ara ọmọ bí ọmọ. Ẹni tí ó bá ṣí JPEG, tí ó ṣàtúnṣe sí i, tí ó tún fi pa mọ́ ní JPEG, yóò tún pàdánù nǹkan sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Òfin kejì ni pé kí a dán an wò lára díẹ̀ kí a tó ṣe púpọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a mú ojú-ewé mẹ́ta: èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù lọ, irú èyí tí ó ní ìpolówó ọjà tàbí àlàyé ìsàlẹ̀-ewé, èyí tí ó ní àbàwọ́n jù lọ, àti èyí tí ó ní àwọ̀. Kí a ṣe àwọn ọmọ wọn ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, kí a sì ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ó ní àmì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwo ìyá. Ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí gbogbo àmì ti ṣì hàn kedere ni kí a lò fún gbogbo ìyókù. Ojú ẹni tí ó mọ Yorùbá ni ó yẹ kí ó ṣe ìdánwò yìí. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ ohun tí ó sọnù.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ńlá tó kàn. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni ó lè ṣe é. XnConvert àti IrfanView wà fún ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa tẹ bọ́tìnì. ImageMagick, tí John Cristy bẹ̀rẹ̀ ní 1987, tí a sì fi síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1990, ń gba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀. Bí gbogbo ìyá bá wà nínú fódà kan, tí a sì ti ṣe fódà mìíràn sínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ‘kekere’, àṣẹ kan yìí tó fún ẹgbẹ̀rún àwòrán:

magick mogrify -path kekere -format jpg -quality 85 -resize 2000x2000 *.tif

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: mú gbogbo fáìlì TIFF tí ó wà níhìn-ín, dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó gùn jù yóò fi jẹ́ píksẹ́lì 2,000, láìba ìrísí rẹ̀ jẹ́, sọ ọ́ di JPEG pẹ̀lú òṣùwọ̀n 85, kí o sì kó gbogbo ọmọ sínú fódà ‘kekere’. Ojú-ewé A4 tí ó ní píksẹ́lì tí ó lé ní mílíọ̀nù 8 yóò di 1,414 ní ìbú àti 2,000 ní òòró, tí kò tó mílíọ̀nù 3. Àmì ìsàlẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 0.4 mìlímítà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó píksẹ́lì 3, ojú sì lè rí i. Kí a ṣọ́ra gidigidi fún ohun kan: bí a bá lo àṣẹ mogrify láìdárúkọ fódà mìíràn, tí a kò sì pàṣẹ kí ó yí oríṣi fáìlì padà, orí ìyá gan-an ni ẹ̀rọ yóò kọ ọmọ lé. Ìyá yóò parẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀rọ kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí a ka iye fáìlì tí ó wà nínú fódà méjèèjì, kí ó lè hàn bí ọ̀kan bá já sílẹ̀. Kí orúkọ ìyá àti ti ọmọ bá ara wọn mu, kí òǹkàwé tí ó bá ṣiyèméjì lórí ọ̀rọ̀ kan lè béèrè fún ìyá ojú-ewé náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti fi ZIP di JPEG nítorí kí ó lè kéré sí i. Ohun tí a ti ká tẹ́lẹ̀ kò ṣeé tún ká mọ́. Bí ó bá ṣe pé ìlànà tuntun ni a fẹ́ lò fún àwọn ọmọ, irú bíi WebP tí Google gbé jáde ní 2010 tàbí AVIF tí ó jáde ní 2019, fáìlì sábà máa ń kéré ju JPEG lọ. Ṣùgbọ́n àwọn náà lè ré nǹkan lórí, nítorí náà ìdánwò ọ̀rọ̀ mẹ́wàá kò yẹ̀ lórí wọn.

Ibo wá ni kí ìyá wà, nígbà tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀? Ìyá kò ní ohun tí ó ń wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orí dírífù tí ó wà nínú àpótí ni ibùgbé rẹ̀, kí ó sì wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé mìíràn, nítorí iná, nítorí olè, àti nítorí òjò. Owó dírífù ni ó sábà máa ń mú kí ènìyàn fẹ́ pa ìyá rẹ́ nígbà tí ọmọ bá ti dára lójú. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé skánà tí yóò sàn ju ti òní lọ ń bọ̀, ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbòòrò sí i, ẹ̀rọ tí ń ka ọ̀rọ̀ láti inú àwòrán yóò sì túbọ̀ gbọ́n. Ara ìyá ni gbogbo wọn yóò ti wá oúnjẹ wọn. Ẹni tí ó bá ní iṣu nínú abà lè lọ èlùbọ́ nígbàkígbà tí àlejò bá dé. Ẹni tí ó ti lọ gbogbo rẹ̀ tán kò ní èbù tí yóò gbìn.